Igbe Ọmọ Náà Kì í Ṣe Oríkunkun

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí wọn sọ níbi àjọ̀dún ọdún yìí, ní Bàdágìrì

  A mọ̀ pé àná ni Agbálátà ná, ẹsẹ̀ sì ń dun púpọ̀ nínú wa lábẹ́ tábìlì níbi tí ẹ jókòó sí yẹn. Ajé á wá wa wá o.

Lọ́dọọdún, tó bá ti kan Akọ̀wé, ẹ mọ̀ pé ìròyìn ni a máa ń kà: iye tí a dá, iye tí a yá jáde, iye àwọn tí kò tíì san. A kì í dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n ojú a máa wolẹ̀. Lọ́dún yìí Akápò ti ka ti owó tán, ìgbìmọ̀ sì ní kí àwa sọ̀rọ̀ lórí nǹkan mìíràn. Nǹkan mìíràn ọ̀hún, gbogbo ẹni tó wà níbi àjọ̀dún èṣí ló mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí kò sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká rò ó fún un. Ọmọ ọmọ wa, ọkùnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, wà lọ́dọ̀ wa nínú gbọ̀ngàn. Sípíkà ńlá méjì wà níwájú, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé, èéfín igi ìdáná ń wọlé, ìrẹsì ń ta sánsán. Gbogbo wa la wọ ànkárá tuntun tí omi ò tíì kàn, a sì rán irú rẹ̀ fún ọmọ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń dán gbohùngbohùn wò ló ti fi ọwọ́ méjèèjì bo etí. A ní kó sọ ọwọ́ kalẹ̀, kó yéé ṣe bí ọmọ tí kò rí ẹni kọ́ ọ. Ó wọ abẹ́ tábìlì, a fà á jáde. Ìgbà tó yá, ọ̀kan nínú wa tó fẹ́ràn ọmọdé púpọ̀ gbé e sókè pé kó wá jó, kí àwọn èèyàn náwó fún un. Ọmọ náà lọgun. Igbe yẹn pọ̀ débi pé ẹni tó ń gbé orin sí i pa á fúnra rẹ̀. Ó ge ìyá náà jẹ lọ́wọ́, ó da abọ́ ìrẹsì méjì nù. Ìtìjú bò wá. Àwa ìyá àgbà rẹ̀ gbá a létí lójú gbogbo èèyàn. Ó já mọ́ wa lọ́wọ́, ó sá gba ojú títì lọ. Bí kì í bá ṣe pé ọlọ́kadà kan tètè tẹ bíréèkì, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ lónìí.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ sọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan ní ẹmẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn kan ní a kẹ́ ẹ bà jẹ́ ni. Àwọn kan tiẹ̀ ní kí a má mú un wá síbi ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́. A ò bínú sí ẹnikẹ́ni, nítorí pé àwa fúnra wa ti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin wa tó bí i kò bá wa sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà tó máa wá lanu, ohun tó sọ ni pé: “Màámi, etí tó ń dùn ún náà lẹ gbá.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ ká sùn.

Ọmọ náà ní ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ọ́tísíìmù. A ti ń gbọ́ orúkọ yẹn láti bí ọdún mẹ́rin, a kàn ń gbọ́ ọ ni, kò wọ̀ wá nínú. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe àrùn tí èèyàn ń kó lára ẹlòmíràn. Bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà láti kékeré ló yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, ìyẹn sì máa ń hàn nínú bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bó ṣe ń bá èèyàn ṣeré, àti bí ara rẹ̀ ṣe ń gba ìró, ìmọ́lẹ̀, òórùn àti ìfọwọ́kàn. Wọn kì í fa ẹ̀jẹ̀ láti fi mọ̀ ọ́n. Dókítà á wo ìṣe ọmọ, á sì bi àwọn òbí léèrè bó ṣe ń ṣe láti ìkókó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, nínú èèyàn 127 lágbàáyé, ọ̀kan ní in. Ẹ ka àwa tí a wà níbí, kí ẹ wá ka àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ tí a fi sílé mọ́ wa. Ṣé ẹ rí i pé kò lè jẹ́ ilé tiwa nìkan?

Ẹ jẹ́ ká tètè sọ èyí kí a tó gbàgbé: àwọn kan sọ fún ọmọbìnrin wa pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ló fà á. Ní ọdún 1998 ni dókítà kan ní ìlú Òyìnbó kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé kò dúró, ìwé ìròyìn àwọn dókítà tó gbé e jáde sì fagi lé e ní ọdún 2010. Ẹ máa gbé ọmọ yín lọ gba abẹ́rẹ́.

Ó dáa. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ lónìí ni bó ṣe ń rí lára ọmọ náà. Ẹnu kò lè sọ ọ́ tán, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣe nǹkan kan. Akápò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú.

(Níbí ni Akápò ti jáde. A gbé ìdì owó ₦200 kan lé e lọ́wọ́, ogójì bébà, pé kó kà á. Èèyàn kan ń lu agogo létí rẹ̀ òsì. Èèyàn kan ń pe iye ọjà sí etí ọ̀tún, kò dákẹ́. Ẹnì kẹta ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ó ń pa á, ó ń tàn án. Ẹnì kẹrin ń fi kànìnkànìn gbígbẹ ra á lọ́rùn. Akápò kà á dé mẹ́tàdínlógún, ó sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀, kò dé mẹ́wàá. Ó ju owó náà sórí tábìlì, ó ní: “Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre!”)

Ẹ ti rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Akápò wa rèé o, tí kò ṣi owó kà rí láti ọjọ́ tí a ti yàn án. Òun náà mọ̀ pé eré ni. Ó mọ̀ pé tó bá ní kí a dáwọ́ dúró, a ó dáwọ́ dúró. Ọmọ tí kò rí ọ̀rọ̀ náà sọ ńkọ́? Ẹ sì kíyè sí i pé nígbà tó pariwo mọ́ wa, kò sí ẹnikẹ́ni tó gbá a létí.

Ẹ wo bí a ṣe ń ná ọjà ní Agbálátà. Ẹni tó ń ta oògùn ń fi gbohùngbohùn polówó, ẹ̀rọ ìlọta ń ké, àwọn tó ti inú ọkọ̀ ojú omi wá ń já ẹrù, alábàárù ń ké pé kí ẹ yà. Láàárín gbogbo ìyẹn, oníbàárà yín á rọra sọ pé igba náírà ló kù, ẹ ó sì gbọ́ ọ. Kí ló jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ? Ó dà bíi pé asẹ́ kan wà nínú orí wa, bí asẹ́ gàrí. Ohun tí a nílò á kọjá, ṣákaṣàka á dúró sókè. A kì í mọ̀ pé ó ń sẹ́, òun ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Asẹ́ ti ọmọ wa, ojú rẹ̀ fẹ̀. Gàrí àti ṣákaṣàka jọ ń wọlé ni. Ìró fáànù, ẹni tó ń wúkọ́ lẹ́yìn, iná tó ń ṣẹ́jú lókè, ìdí aṣọ tó ń gún un lọ́rùn, òórùn ẹja, ohùn ìyá rẹ̀, gbogbo wọn ń wọlé pẹ̀lú agbára kan náà, gbogbo wọn ń pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ni kó dá lóhùn?

Kì í ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí. Ní ọdún 1943, dókítà kan tó ń jẹ́ Leo Kanner, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins nílùú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ mọ́kànlá tó yẹ̀ wò. Ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ìró ẹ̀rọ ìgbálẹ̀, omi tó ń ṣàn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ẹyin, àní atẹ́gùn pàápàá, máa ń da jìnnìjìnnì bo àwọn kan nínú wọn. Ó wá fi nǹkan kan kún un tó dà bí ẹni pé ìsọ̀ wa ló dúró sí nígbà tó ń kọ ọ́: pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ lè máa pa irú ariwo yẹn, kí inú rẹ̀ sì máa dùn.

Ẹ mọ̀ pé abọ́ irin, ìkòkò àti ike la ń tà. Ọmọ yìí lè fi ṣíbí lu ìdérí ìkòkò fún wákàtí kan gbáko. Ẹjọ́ tí a máa ń bá ìyá rẹ̀ rò nìyẹn. A ó ní, “Ṣebí òun náà ló ń pa ariwo yìí, báwo ni ariwo ṣe wá ń dùn ún?” Ẹ̀tàn ni a rò pé ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ariwo tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa, ó mọ ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀, ó mọ ìgbà tó máa dá a dúró. Tèmi-tìrẹ kọ́ yẹn. Ẹni tó ní eéwo lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹlòmíràn dán an wò! Nígbà mìíràn sì ni, ariwo tirẹ̀ ló fi ń bo ariwo tó wà níta. Tó bá ti ń kùn ṣáá láìdákẹ́, a ti wá mọ̀ pé nǹkan kan wà ní tòsí tó ń ni ín lára.

Pẹ̀lú gbogbo ohun tí dókítà yẹn rí, ó di ọdún 2013 kí ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń dá ọ́tísíìmù mọ̀ tó kà á mọ́ àwọn àmì rẹ̀ pé ìró, ìmọ́lẹ̀ tàbí ìfọwọ́kàn lè ju agbára ọmọ lọ. Ó gbà wọ́n ní àádọ́rin ọdún. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé lónìí, ẹ má fi ara yín gún.

Àwọn tó ní in tí wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n sì lè sọ ọ́, àwọn ló la ọ̀rọ̀ náà jù. Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Temple Grandin, tí wọ́n bí ní ọdún 1947. Ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́ta kó tó sọ̀rọ̀. Lónìí ọ̀jọ̀gbọ́n ni, lórí ọ̀rọ̀ màlúù àti ẹran ọ̀sìn. Ó ti ṣàlàyé pé agogo ilé ìwé máa ń dun òun bí ìgbà tí ẹ̀rọ dókítà eyín bá kan iṣan eyín, àti pé yẹ̀rì tí wọ́n máa ń wọ̀ fún òun lọ́jọ́ Sunday ń ha òun lára bíi bébà tí àwọn káfíńtà fi ń dán igi. Ẹ ronú kan ọmọ wa nínú ànkárá tuntun yẹn! Nígbà tí obìnrin yìí jẹ́ ọmọdébìnrin, ó fẹ́ kí wọ́n gbá òun mọ́ra, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbá a mọ́ra, á bò ó mọ́lẹ̀ bí omi. Ó lọ sí oko màlúù kan, ó rí bí màlúù ṣe ń fara balẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi pákó há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì láti gún un lábẹ́rẹ́. Ó kan irú rẹ̀ fún ara rẹ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ lè fún tàbí kó dẹ̀, ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọmọbìnrin wa ka ìyẹn fún wa, a kígbe. Ọ̀já nìyẹn kẹ̀! Kí ló dé tí ọmọ yìí kì í sunkún lẹ́yìn wa nígbà tó wà ní kékeré, tó jẹ́ pé tí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀? Fífún tí ọ̀já fún un ló ń fẹ́. Báyìí ó ti dàgbà kọjá ọ̀já, ṣùgbọ́n ìró aṣọ àtijọ́ kan wà nílé tí òun fúnra rẹ̀ máa ń mú wá pé kí a wé mọ́ òun, kó le dáadáa. Òun ló máa mú un wá o. Tí kò bá mú un wá, ẹ má wé e mọ́ ọn. Fọwọ́bà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí a fi ń ṣìkẹ́ ọmọ lórí, ìyẹn gan-an ni kò lè gbà.

Ohun kan tún wà tó máa ń rú èèyàn lójú. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń pọ̀ jù fún un. Àwọn nǹkan kan kì í tó rárá. Ọmọ yìí á gbọ́ jẹnẹrétọ̀ láti ilé kẹta kí àwa tó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná, awọ ọwọ́ rẹ̀ bó, kò ké. A ò tiẹ̀ mọ̀ títí di ìgbà tí a fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní irú ọmọ yìí nílé, ẹ máa yẹ ara rẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bó ṣe ń dé orí igbe. Gbogbo wa la ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti Marina kọjá sí Gbẹrẹfú. Ẹ mọ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń rì díẹ̀díẹ̀ bí èèyàn ṣe ń wọ̀ ọ́. Ẹni kìíní wọ̀ ọ́, kò sí nǹkan. Ẹni kẹfà wọ̀ ọ́, omi sún mọ́ etí ọkọ̀. Tí ọkọ̀ bá ti kún tán, tí ọmọ kékeré kan bá wá fò sínú rẹ̀, omi á ya wọlé, àwọn èèyàn á sì ní ọmọ kékeré yẹn ló rì í. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọmọ wa. Ìyá á ní, “Ṣíbí lásán ló bọ́ sílẹ̀, ó bú sígbe, ó ń fi orí gbá ògiri.” Kì í ṣe ṣíbí. Àìsùn alẹ́ àná ni ẹni kìíní, sọ́kì tó kóra jọ nínú bàtà ni ẹni kejì, ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ iléèwé, ariwo kéèkéèké nínú mọ́tò, òòrùn, ebi. Ṣíbí kàn jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Ní ilé wa, a ti fún un lórúkọ. A máa ń sọ pé “ó ti kún.” Tí ẹnì kan bá ti sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé ti mọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

Àwọn bàbá máa ń bi wá pé báwo la ṣe ń mọ èyí yàtọ̀ sí ìjàngbọ̀n ọmọdé. Ìbéèrè tó dáa ni. Ọmọ tó ń jà nítorí bisikíìtì á máa yọ́ ojú wò yín bóyá ẹ ń wo òun. Tí ẹ bá fún un ní bisikíìtì, ó parí. Tí ẹ bá kúrò níbẹ̀, á tẹ̀ lé yín lọ parí ẹkún rẹ̀. Ọmọ tó ti kún kò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ fún un ní páálí bisikíìtì odindi, kò rí i. Kò gbọ́ ohun tí ẹ ń wí, torí náà, bí ẹ ṣe ń sọ pé “Kí ló ṣe ọ́? Wò mí lójú! Mo ní wò mí lójú!” ariwo lẹ kàn ń bù kún ariwo. Ojú tí ẹ ní kó wò pàápàá jẹ́ ẹrù. Àwa Yorùbá àti Ẹ̀gùn, a fẹ́ kí ọmọ kí wa, kó dọ̀bálẹ̀, kó dáhùn tí a bá pè é. A ò ní kí ẹ sọ ẹ̀kọ́ ilé nù o. A ní ìgbà yẹn kọ́ ni.

Ohun tí a wá ń ṣe báyìí kò pọ̀. A ó dákẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa dúró tì í, ìyókù á kúrò. A ó pa rédíò, a ó pa iná tó bá ń tàn sí i lójú. A ó gbé ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò. A kì í dì í mú, àfi tó bá fẹ́ sá sí ojú títì tàbí etí omi. A ó wá dúró. Nígbà mìíràn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá ti rọlẹ̀, oorun á gbé e lọ bí ẹni tó ti oko dé. Tó bá jí, a ò ní bi í léèrè, a ò sì ní bá a wí. Ojú máa ń tì í, ẹ gbọ́. Àwọn èèyàn rò pé ojú kì í ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

A ti ṣe èyí tí kò dáa rí, ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́ rẹ̀ tán. Kí a tó rí dókítà, a gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, ọjọ́ mẹ́ta. Ìlù, agogo, pàtẹ́wọ́, tùràrí, ọwọ́ èèyàn mẹ́fà lórí rẹ̀, lóru. Bó ṣe ń ké sí i ni wọ́n ń sọ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ni wọ́n sì ń pọ̀ sí ìlù. Àwa ń ṣe Àmín. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta kò ké mọ́. A rò pé ìdáhùn ti dé. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún wa nígbà tó yá pé ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ẹkún ni. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ bí ogún tó ti mọ̀ ọ́n sọ kò jáde lẹ́nu rẹ̀. A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Àwa ṣì ń gbàdúrà fún un lójoojúmọ́, ní ohùn jẹ́jẹ́.

Nínú ilé, ohun kéèkéèké ló tún nǹkan ṣe. A gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. A máa ń gé bébà tó wà lọ́rùn aṣọ rẹ̀, a ó fọ aṣọ tuntun lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọ̀ ọ́. A ti fi kànìnkànìn sílẹ̀, tówẹ́ẹ̀lì rírọ̀ la fi ń wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gẹ irun, kò lè gbà á, sísọ́ọ̀sì ni bàbá rẹ̀ fi ń gé e, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, ẹ má fi orí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ilá kì í wọ ẹnu rẹ̀ nítorí yíyọ̀ rẹ̀. A ti jagun ilá fún ọdún méjì, a ti gbé ọwọ́ sókè. Ọjọ́ tí ọjà ò bá ná ni a máa ń mú un lọ sí ìsọ̀. Bàbá rẹ̀ ra ohun ìbotí kan fún un, irú èyí tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin máa ń wọ̀. Ọjọ́ kìíní tó wọ̀ ọ́, ó yí orí káàkiri ọjà bí ẹni tí kò rí ọjà rí.

Ẹni tó bá ń fura sí ọmọ tirẹ̀, ẹ má dúró títí bí a ṣe dúró. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti Yaba ní ẹ̀ka fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà. Ní ọdún 2006, arábìnrin Dọ̀tun Akandé dá ibùdó Patrick Speech and Languages Centre sílẹ̀ ní Èkó, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ tirẹ̀. A mọ̀ pé ọ̀nà Bàdágìrì jìn, owó mọ́tò sì ti gun òkè. Ìdí rèé tí a fi bẹ ìgbìmọ̀ pé kí ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ lọ síbẹ̀ lè yá nínú owó pàjáwìrì láìdúró de oṣù mẹ́ta. Wọ́n ti gbà. Ó wà nínú àkọsílẹ̀, àwa la kọ ọ́.

Ẹ sì mọ̀ pé òfin wà. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún àwọn tó ní ìpèníjà ara ní ọdún 2011, Ààrẹ sì fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ilé ìwé tó bá ní kí ẹ máa gbé ọmọ lọ sílé nítorí bó ṣe rí, ẹ má kàn káwọ́ lórí.

Ọmọdékùnrin kan ní Àbújá, Kanyeyachukwu Tagbo-Okeke, ọmọ ọdún 15 tó ní ọ́tísíìmù, ya àwòrán kan sórí aṣọ tó fẹ̀ tó 12,304 mítà níbùú-lóròó. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 2025, tó jẹ́ ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ọ́tísíìmù, wọ́n ṣí i fún gbogbo ayé wò, Guinness World Records sì gbà á pé kò sí irú rẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti fi fóònù fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí wa tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, wọ́n ní “ti yín náà á di ńlá.” Bóyá á dì í, bóyá kò ní dì í. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìdérí ìkòkò nìkan ló máa lù títí ayé, ṣé kí etí máa dun òun ni?

Ẹ jẹ́ ká sọ ti òní kí a lọ jókòó. Ọmọ náà wà níbí. Ẹ rí i pé sípíkà kọjú síta, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ọgbà. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn yẹn, a ti tẹ́ ẹní síbẹ̀, kò sí iná nínú rẹ̀, ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń fẹ́ ìsinmi lè mú un wọlé, kì í ṣe tiwa nìkan. Orin kò ní bẹ̀rẹ̀ títí di aago méjì, tó bá sì di aago méjì, ọmọbìnrin wa á ti mú un lọ sílé, ẹ má sọ pé wọn ò dúró jẹun.

Tí ẹ bá fẹ́ kí i, ẹ dúró lókèèrè, ẹ ju ọwọ́ sí i. Ó lè má dáhùn. Ẹ má gbé e sókè. Ìyá tó ge jẹ lọ́wọ́ lésìí ti lọ bá a láàárọ̀ yìí, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ó tó wákàtí kan, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ ó rí abọ́ ike aláwọ̀ ewé ńlá kan lọ́wọ́ ọmọ náà. Ọjà wa ni, ṣùgbọ́n a ò lè tà á mọ́. Tí gbogbo nǹkan bá ti fẹ́ pọ̀ jù fún un, á dojú rẹ̀ dé orí, á jókòó sínú rẹ̀. Tí ẹ bá rí i lábẹ́ abọ́ yẹn, ẹ má ṣí i. Òun fúnra rẹ̀ á ṣí i tó bá yá.

 Alága, ẹ gba gbohùngbohùn.